Kí ló dé tí centroid mi ń jẹ́ 9.48 nígbà tí áńsà jẹ́ 8.18? Ihò róbótó yìí fẹ́ pa mí o

Ọmọ_Tákíè

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Wẹ́sìdeè ni tẹ́ẹ̀sì statics wa, láti àná ni mo ti jókòó ti ìbéèrè kan ṣoṣo yìí, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ibì kan náà ni mo ń já sí, kò sì bá èyí tó wà lẹ́yìn past question mu rárá. Wọ́n ti mú iná lọ láti aago mẹ́jọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wo ìwé, torí náà tí mo bá ṣi nǹkan tẹ̀ ẹ má bínú.

Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n yà. Rectangle ni apá òsì ẹ̀, gígùn 12 cm, gíga 6 cm. Wọ́n wá lẹ onígun mẹ́ta mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ìsàlẹ̀ ẹ̀ 6 cm, gíga tiẹ̀ náà 6 cm, ibi tó ga yẹn ló lẹ̀ mọ́ rectangle, ó wá ń dà sílẹ̀ lọ sọ́tùn-ún bí òrùlé abà. Wọ́n tún lu ihò róbótó sínú rectangle, radius ẹ̀ 2 cm, àárín ihò wà ní 4 cm láti òsì, 3 cm láti ìsàlẹ̀. Igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì ni origin, ibẹ̀ la ti ń wọn x lọ sọ́tùn-ún àti y lọ sókè. Wọ́n ní ká wá centroid, ìyẹn ojú kan tó jẹ́ àárín gbogbo ẹ́ríà ẹ̀.

Ohun tí mo ṣe rèé:

rectangle: ẹ́ríà 72, x 6, y 3
onígun mẹ́ta: ẹ́ríà 18, x 14, y 2
ihò: ẹ́ríà 12.57, x 4, y 3

Mo mọ̀ pé ihò kì í ṣe irin, mo yọ ẹ́ríà ẹ̀ kúrò, 72 + 18 − 12.57 = 77.43. Mo wá ṣe ẹ́ríà lọ́nà x, 432 + 252 + 50.27 = 734.27, mo fi 77.43 pín in, 9.48 ló bá mi. Ti y, 216 + 36 + 37.70 = 289.70, ìyẹn jẹ́ 3.74. Èyí tó wà nínú ìwé ni 8.18 àti 2.77. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá ti búra pé ìwé ló ṣì í. Ṣé ìwé ni lóòótọ́ àbí èmi ni?

Jẹ́jẹ́Layé

Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ sọ ọ́ di wàhálà. Kí lo ń fi ẹ́ríà ṣe? Ṣebí nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀, x wọn ni 6, 14 àti 4, rò wọ́n pọ̀, 24, pín in sí mẹ́ta, 8. Ti y, 3 àti 2 àti 3, ìyẹn 8, pín in sí mẹ́ta, 2.67. Wò ó bó ṣe sún mọ́ ọn. 0.18 yẹn, ènì ni ìwé fi ṣe 😂 lọ sùn jàre.

Àǹtí_Sábó

@Jẹ́jẹ́Layé ṣé o fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbé òdo wálé ni? Mò ń bọ̀ wá bá ọ.

@Ọmọ_Tákíè, ìwé ò ṣì í, ìwọ náà ò sì jìnnà. x àti y mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó o kọ ló dáa, ẹ́ríà ẹ dáa, kódà inú mi dùn pé o mọ̀ pé ti onígun mẹ́ta máa ń wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta láti ibi tó ga, tí o ò kọ 15. Ibì kan ṣoṣo lo ti ṣubú. Nísàlẹ̀, níbi tó o ti kó ẹ́ríà jọ, o yọ ihò kúrò. Lókè, níbi tó o ti kó ẹ́ríà lọ́nà x jọ, ihò yẹn kan náà lo tún rò mọ́ ọn. Báwo ló ṣe máa jẹ́ àyọkúrò nísàlẹ̀ kó tún wá di àfikún lókè? Ó dà bí ẹni tó ra ọjà àwìn lọ́jà Sábó, tó délé tán tó wá kọ gbèsè náà sínú ìwé bí owó tí wọ́n jẹ òun.

Bó o ṣe máa ṣe é ni pé látìbẹ̀rẹ̀, nínú tábìlì yẹn gan-an, kọ ẹ́ríà ihò sílẹ̀ bíi −12.57. Má fi sórí pé wàá rántí tó bá yá, o ò ní rántí, pàápàá nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí ẹnì kan ń kígbe pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó o bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló máa gbé máínọ́ọ̀sì ẹ̀ kiri. −12.57 lọ́nà 4 jẹ́ −50.27, −12.57 lọ́nà 3 jẹ́ −37.70. Ẹ́ríà nìkan ló ní máínọ́ọ̀sì o, 4 yẹn ṣì jẹ́ 4, torí ibi tí ihò wà kò kúrò níbẹ̀. Mo ti rí àwọn tó fi máínọ́ọ̀sì sí méjèèjì, méjèèjì pàdé, wọ́n di pílọ́ọ̀sì, onítọ̀hún tún padà síbi tó ti ń bọ̀.

Ó wá di 432 + 252 − 50.27 = 633.73, fi 77.43 pín in, 8.18. Ti y, 216 + 36 − 37.70 = 214.30, fi 77.43 pín in, 2.77. Ó tán.

Ìwọ Jẹ́jẹ́Layé wàyí. Oríire lásán lo fi sún mọ́ ọn. Ká ní ihò yẹn ò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, tó ṣì wà ní 4 àti 3 níbẹ̀, tìẹ á ṣì sọ pé 8, torí o ti ka ojú abẹ́rẹ́ àti odidi rectangle sí ẹgbẹ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ irin yẹn tí wọn ò bá lu ihò kankan sí i, 684 tá a fi 90 pín, 7.6 ni. Ṣé ojú abẹ́rẹ́ ló máa ti centroid láti 7.6 dé 8? Ẹ́ríà tá à ń fi sọ ọ́ lọ́nà yẹn, òun ló ń sọ bí ohùn kálukú ṣe tó nínú ọ̀rọ̀ náà. Tí ẹ́ríà ò bá sí níbẹ̀, ọmọ kékeré àti bàbá ti ń dìbò bákan náà nìyẹn.

Ohun tó tún dùn mí nínú iṣẹ́ ẹ @Ọmọ_Tákíè ni pé o ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin láìfi ojú wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Rectangle ẹ, y ẹ̀ 3. Onígun mẹ́ta, 2. Ihò náà, 3. Kí ló wà lókè níbẹ̀ tó wúwo tó fẹ́ fa centroid lọ sí 3.74? Kò sí. Ìyẹn nìkan ti tó kó o ju bírò sílẹ̀. Wo x náà, 7.6 ló jẹ́ kí wọ́n tó lu ihò. Ihò wà ní 4, ìyẹn lọ́wọ́ òsì 7.6, tí wọ́n bá sì bu irin kúrò lápá òsì, apá ọ̀tún ló máa fa nǹkan sọ́dọ̀, áńsà gbọ́dọ̀ ju 7.6 lọ díẹ̀. Ti y, 2.8 ni kí wọ́n tó lu ihò, ihò wà ní 3, òkè 2.8 ló wà, á wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ bíńtín. 2.77. Ṣó o rí i, mo ti mọ ibi tí áńsà máa wà kí n tó fọwọ́ kan kàlíkúlétọ̀.

Ọmọ_Tákíè

Háà! Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti tún un ṣe, ó bọ́ síbẹ̀ gééré. Ọ̀rẹ́ mi tó búra yẹn ti dọ̀bálẹ̀ fún ìwé 😂

Ẹnjiníà_Ìlú

Àǹtí ti sọ òótọ́ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà tí èmi fi máa ń yẹ ara mi wò kún un. Tó o bá ti gé àwòrán báyìí, gé e lọ́nà míì kó o wò bóyá á bọ́ síbì kan náà. Irin tìẹ yìí, ká gbàgbé ihò ná. Dípò rectangle pílọ́ọ̀sì onígun mẹ́ta, kà á sí rectangle ńlá kan tí gígùn ẹ̀ jẹ́ 18, gíga ẹ̀ 6, tí wọ́n wá gé onígun mẹ́ta kúrò lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Rectangle ńlá: ẹ́ríà 108, x 9, y 3, ìyẹn 972 àti 324. Onígun mẹ́ta tí wọ́n gé sọnù: ẹ́ríà −18, x 16, y 4, ìyẹn −288 àti −72. 972 − 288 = 684. 324 − 72 = 252. Iye kan náà tó o ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn kó tó kan ihò. Tí méjèèjì ò bá bára mu, o ti ṣì í níbì kan, wá a kó o tó máa lọ.

Bàbá_Wẹ́dà_Arọ́jẹ

Ẹ kú ìjókòó o. Èmi ò kàwé débi tẹ́ ẹ wà yìí, irin ni mò ń jó, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí ti dójú tì mí rí, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n dá sí i. Ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ló ní kí n bá òun ṣe sáìn-bọ́ọ̀dù ní àwòrán ẹja, kí n fi ṣéènì kan ṣoṣo so ó rọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù kó máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún táwọn èèyàn bá ń kọjá. Mo gé e dáadáa, orí ńlá, ikùn ńlá, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́, fíìtì mẹ́rin láti ẹnu dé ìrù. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n, mo lu ihò ṣéènì sí fíìtì méjì géérégé, èmi rò pé àárín náà làárín. A gbé e kọ́, orí wọ́ wálẹ̀, ìrù nà sókè. Ìyá yẹn wò ó títí, ó ní "ọ̀gá wẹ́dà, ẹja mi yìí ń sá padà sódò ni?" Gbogbo ọmọṣẹ́ mi ló fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí, kò sì lo ìwé kankan. Ẹ gé àwòrán náà kékeré lára páálí. Ẹ lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri, kí ihò náà gbà á dáadáa kó lè máa mì fàlàlà, tó bá há, irọ́ ló máa pa fún yín. Lára ìṣó yẹn kan náà ẹ so òwú rọ̀, kí ẹ so nọ́ọ̀tì mọ́ ìdí òwú kó lè nà tọ́ọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, ẹ wá fi bírò fa ìlà tọ òwú. Ẹ tún lu ihò síbòmíì tó jìnnà síyẹn, ẹ tún kọ́ ọ, ẹ tún fa ìlà. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ ni. Ẹ gbé páálí lé orí bírò níbẹ̀, kò ní ṣubú. Ti ẹja yẹn bọ́ sí nǹkan bíi fíìtì kan àti ínṣì méje láti ẹnu, mo dí ihò àkọ́kọ́, mo lu òmíì sókè gan-an ọ̀kánkán àmì yẹn, ẹja sì dúró gbọọrọ títí dòní.

Jẹ́jẹ́Layé

Bàbá, kí ló fà á tí òwú fi máa ń kọjá níbẹ̀? Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ o, mi ò ṣàwàdà mọ́.

Àǹtí_Sábó

Ìṣó ń fà á sókè, ìwúwo gbogbo páálí yẹn sì ń fà á sísàlẹ̀ bí ẹni pé ojú kan ló kó ara ẹ̀ jọ sí. Tí ojú yẹn ò bá tíì wà lábẹ́ ìṣó tààrà, páálí á máa yí, á máa mì, títí yóò fi bọ́ síbẹ̀. Nígbà tó bá dúró, ojú yẹn wà níbì kan lórí ìlà òwú, àmọ́ o ò mọ ibi tó wà gan-an lórí ìlà náà. Ìlà kejì ló ń tú àṣírí ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ìdánilójú, ẹ fa ẹ̀kẹta, tí kò bá gba ojú kan náà, ọwọ́ yín ló gbọ̀n.

Ẹnjiníà_Ìlú

Àmọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn o, ohun tí Bàbá sọ yẹn, ibi tí ìwúwo kó ara ẹ̀ jọ sí ló ń fi hàn wá. Ó bá centroid ti ẹ́ríà mu torí páálí nípọn bákan náà láti orí dé ìrù. Tí Bàbá bá lọ fi irin mìlímítà méjì ṣe orí ẹja, tó wá fi pákó ṣe ìrù, fọ́múlà ẹ́ríà ò ní bá a mu mọ́, ìwúwo kálukú ni ká máa sọ lọ́nà x ẹ̀, kì í ṣe ẹ́ríà ẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé kì í ronú sí i torí gbogbo ìbéèrè ló máa ń sọ pé "uniform", ìyẹn pé bákan náà ló rí níbi gbogbo, níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti fò ó kọjá.

Ọmọ_Tákíè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ó ku méjì. Èkíní, mo ṣe angle iron kan tó rí bí L, apá kọ̀ọ̀kan gùn ní 10, ó nípọn ní 1, centroid ẹ̀ wá bọ́ síbi tí kò sí irin rárá. Mo ti pa á rẹ́. Èkejì, semicircle, ìyẹn ìdajì róbótó. Rectangle 10 × 8, semicircle wá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ òsì, radius 4. Wọ́n fi origin sí igun ìsàlẹ̀ rectangle lọ́wọ́ òsì. Fọ́múlà centroid ẹ̀, 4r/3π (r ni radius), ni mo há sórí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ṣé láti ibi tó tẹ́ ni àbí láti ibi tó rí róbótó?

Ẹnjiníà_Ìlú

Tún L yẹn kọ padà kíá. Apá tó dúró: ẹ́ríà 10, x 0.5, y 5. Èyí tó kù nílẹ̀: ẹ́ríà 9, x 5.5, y 0.5. 9 ni o, kì í ṣe 10, torí igun yẹn ti bá apá tó dúró lọ, o ò lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. 5 + 49.5 = 54.5, fi 19 pín in, 2.87. Ti y náà 2.87. Irin ò sì ju 1 lọ ní nínípọn, òfuurufú ni 2.87 yẹn wà lóòótọ́, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Tí Bàbá bá fi páálí ṣe L, ìlà òwú méjèèjì á pàdé níta, àfi kó lẹ bébà pẹlẹbẹ kan dí àárín L yẹn kó tó lè rí ibi fa ìlà sí.

Semicircle: láti ibi tó tẹ́ ni, láti diameter. Ìwọ náà fojú wò ó, 4r/3π ò ju 0.42r lọ, ibi tó tẹ́ ló sanra, centroid gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn ju òkè lọ. Tìẹ yìí 16/3π, 1.70. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń mú yín rèé: òsì origin ló wà, x ẹ̀ di −1.70. Ẹ́ríà ẹ̀ 25.13, irin gidi ni, kò ní máínọ́ọ̀sì. Ti ihò, ẹ́ríà ló ní máínọ́ọ̀sì, x ò ní. Ti èyí, x ló ní, ẹ́ríà ò ní. Àwọn tó bá pa méjèèjì pọ̀ ló ń sunkún jáde.

Rectangle: 80 lọ́nà 5, 400. Semicircle: −42.67. Àpapọ̀ 357.33, fi 105.13 pín in, 3.40. Ti y, má wulẹ̀ ṣírò nǹkan kan, òkè àti ìsàlẹ̀ bára mu, 4 ni. Wá fi ojú wò ó: rectangle nìkan, 5, semicircle fà á sósì, 3.40. Ó bójú mu.

Tó o bá wá gbàgbé fọ́múlà yẹn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Pappus, onímọ̀ ìṣirò ará Alẹkisáńdíríà, ti fi sílẹ̀ fún wa láti ayé àtijọ́: tó o bá yí àwòrán kan po lórí etí ẹ̀, volume ohun tó bá jáde ni ẹ́ríà àwòrán yẹn lọ́nà ìrìn tí centroid ẹ̀ rìn yí ká. Yí semicircle po lórí ibi tó tẹ́, kí ló máa jáde? Bọ́ọ̀lù. Volume bọ́ọ̀lù, gbogbo wa mọ̀ ọ́n láti sẹ́kọ́ńdírì, 4πr³/3. Ẹ́ríà semicircle, πr²/2. Ìrìn centroid, 2πy, y níbí ni bó ṣe jìnnà sí ibi tó tẹ́. Kọ ọ́ sílẹ̀ kó o wá y, 4r/3π ló máa jáde sí ọ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kan.

Àǹtí_Sábó

Ẹnjiníà, èmi tí mo ń kọ́ wọn, bí wọ́n ṣe há a sórí lèmi náà ṣe há a sórí láti ọjọ́ yìí wá o. Mo ti ya èyí pamọ́.

Bàbá_Wẹ́dà_Arọ́jẹ

Èmi ò gbọ́ ti bọ́ọ̀lù yẹn ṣùgbọ́n ó dùn ún gbọ́.

Ọmọ_Tákíè

Iná ti dé! Mo gé irin ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn lára páálí Indomie láàárọ̀ yìí, mo fi ọ̀bẹ gé ihò róbótó ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ róbótó. Mo fi òwú ìránṣọ àti nọ́ọ̀tì kan tí mo he níwájú ilé ṣe bí Bàbá ṣe wí. Mo gbé rúlà lé e, x jẹ́ 8.2, y fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 2.8. Mo ti kígbe débi pé ọ̀rẹ́ mi jí. Mo fẹ́ mú un lọ́wọ́ lọ fi han àwọn ará kíláàsì ni ọmọ lándílọ́ọ̀dù wa wọlé, ó ní mọ́tò ni, ihò yẹn ni táyà ẹ̀, ó ti so okùn mọ́ ọn ó ti ń wọ́ ọ kiri kọ́ńpáùn.